Kẹ̀kẹ́ Ògúndíjọ àti Ààrò Ọba Adúrógangan

Nọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún ló de òrùlé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Ògúndíjọ mọ́ ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo mú súpánà, mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n sínú àwo bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó ti dípẹtà, mo rọ epo sí i, mo jókòó tì í títí ó fi gbà. A kì í bá irin jà. Ẹni tó bá irin jà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò bó.

Ẹ̀yin tí ẹ yí mi ká lábẹ́ igi odán yìí, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé irú kẹ̀kẹ́ wo ni èyí tí kò lórùlé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ là gbàgà bí ẹsẹ̀ akàn. Lónìí ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹni tó bá níṣẹ́, kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó fìdí mọ́lẹ̀, nítorí ìtàn yìí korò, n kò sì ní fi oyin sí i fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọmọ Ajíbógun. Ẹfọ̀n ti pàdé mi lójú ọ̀nà tóóró, òun ló yà fún mi. Mo ti sùn lórí igi kan náà pẹ̀lú òjòlá, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí ju ẹran pípa lọ ni kí n mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìbọn bàbá mi ni mo kọ́kọ́ tú; nígbà tí mo tò ó padà, irin kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, ìbọn náà sì ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lè lọ bi àwọn ẹran tó kù nínú igbó.

Ògúndíjọ ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ di ọdẹ lọ́jọ́ kan náà ni. Ọjọ́ kan tí a jọ wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, a rí ẹtu kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, kò tiro, kò sì farapa. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Mo ní, "Ògúndíjọ, fi í sílẹ̀. Ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀, a kì í yìnbọn sí i." Ó ní, "Ìdí ẹran kò ju ọbẹ̀ lọ." Ó yìnbọn. Kí èéfín ìbọn náà tó túká, ilẹ̀ là, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde wá, gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn kò bá ti ènìyàn mu. Mo ti wà lórí ìrókò nígbà náà. Mo rí bí wọ́n ṣe mú un. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ̀ kalẹ̀.

Akígbe wọn gbójú sókè sí igi tí mo wà, ó ní: "Ìwọ tí o ń gbọ̀n lókè yẹn, gbọ́. Ènìyàn mẹ́ta ni ààrò tó ń gbé ìkòkò Ọba Adúrógangan. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣubú. Ẹni tó pa ẹtu ọba ni yóò dúró ní ipò rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbà á, mú ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí eré ìje ọba, èyí tí à ń sá lọ́dọọdún bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò gbọdọ̀ wá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò gbọdọ̀ wá. Ẹni tó bá ṣíwájú, yóò mú ààrò kan kúrò nídìí iná."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sì wà ní àgbàlá Ògúndíjọ gan-an, ògbólógbòó tó fi ń kó iṣu àti ẹran ìgbẹ́ lọ sọ́jà.

Nígbà tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, Olúọdẹ wa, Bàbá Láògún, na ọ̀pá dí mi lọ́nà. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, irin ọdẹ tí kò ti igbó bọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án àfi tí a bá ti ṣípà."

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ á kó ìbọn rẹ̀ àti àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ jọ, wọn á sun ìrèmọ̀jé, wọn á gbé ẹrù náà lọ sínú igbó, wọn á sì kéde pé lágbájá kò sí lára ọdẹ alààyè mọ́. Ìyẹn ni ìṣípà ọdẹ. Ìgbà náà ni ohun tó bá kù nílé tó di ohun tí ẹlòmíràn lè lò.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Ògúndíjọ kò kú, Bàbá. Ìṣojú mi ni wọ́n ti mú un lọ láàyè."

"Bí kò bá kú, jẹ́ kó wá fún ọ ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Mo ro ó wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣípà rẹ̀."

Adépèlé, ìyàwó Ògúndíjọ, jáde láti inú ilé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́yalé, ẹ̀yin lẹ wá sọ fún mi pé ọkọ mi ń mí. Ta ni í ṣípà ẹni tó ń mí?"

Mo ní, "Ẹnu lásán ni, Adépèlé. Ẹnu kì í mú nọ́ọ̀tì le, kì í sì í tú u."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹnu ni wọ́n fi gbé mi níyàwó," ó ní, ó sì wọlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ mìíràn wà lọ́jà Òkè-Àgbède, tuntun ni, ẹni tó ni ín sì ti gbà láti yá mi. N kò fẹ́ ẹ. Ti Ògúndíjọ ló wù mí. Irin ara rẹ̀ nípọn bí irin àtijọ́ ṣe ń nípọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ohun kan tí ènìyàn kò lè fọwọ́ tú kó fi ojú rí ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti rà á ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣí i wò, tí ó ń sọ pé, "Ìwọ? Irin kan á tún ṣẹ́ kù." Mo fẹ́ gba ọ̀rẹ́ mi là, òótọ́ ni. Mo sì fẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkàn ènìyàn lè gbé ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì máa pè é ní ọ̀kan.

A ṣípà rẹ̀. Èmi, tí mo mọ̀ pé ó ń mí, ni mo sun ìrèmọ̀jé náà, mo sì sun ún débi pé Bàbá Láògún fi etí agbádá nu ojú. A gbé ìbọn rẹ̀ àti àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ sídìí igi nínú igbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ké e: Ògúndíjọ kò sí lára wa mọ́. Ọjọ́ kejì ni mo mú súpánà.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń sọ kẹ̀kẹ́ akíṣu di kẹ̀kẹ́ eré ìje inú igbó. Ohun tí kò bá ran ìrìn lọ́wọ́, ẹrù ni. Mo yọ òrùlé, mo yọ tapólì tí a fi ń bo ẹrù, mo yọ ìjókòó ẹ̀yìn àti dígí. Lẹ́yìn náà, mo gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn oko Láyínká, mo sáré bọ̀ láti òkè. Níbi tí ọ̀nà ti yí, kẹ̀kẹ́ dojú dé, èmi náà dojú dé. Mo gbé e dìde, mo tún gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ibì kan náà. Láyínká tó jókòó sórí ebè rẹ̀ ní, "Bàbá Ọdẹ, bí ẹ bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó gbin iṣu sí ojú ibẹ̀, ilẹ̀ náà ti rọ̀."

Mo wálé, mo jókòó sí ilé ìdáná, mo ń wo ààrò. Ẹ gbé ìkòkò ka ààrò mẹ́ta tó sún mọ́ra, ọwọ́ ọmọdé lásán á tì í ṣubú. Ẹ fa òkúta méjì síta, ìkòkò kan náà á dúró bí òkè. Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo gé apá irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, mo fi páìpù omi tó nípọn fà á gùn ní ìka mẹ́jọ lápá kọ̀ọ̀kan, mo jó o pọ̀. Ọ̀pá tó ń yí táyà náà gbọ́dọ̀ gùn sí i, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pá tí a bá jó pọ̀, tí kò tọ́ ní ìwọ̀n irun orí kan péré, á máa gbọn kẹ̀kẹ́ bí ibà. Mo ń yí i lórí òkúta pẹlẹbẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá kàn ni mo ń fi òlù rọra kàn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́ ọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo ń kan ọ̀pá. N kò lọ.

Adépèlé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, òjò ti rọ̀."

"Ọ̀pá kò tíì tọ́, Adépèlé. Bí mo bá lọ báyìí, n ó fìdí rẹmi, a ó di ẹni méjì níbẹ̀."

"Ìkòkò ọba ń hó, ẹ̀yin ń kan irin."

Òótọ́ ni pé ọ̀pá kò tíì tọ́. Òótọ́ sì ni pé n kò tíì fẹ́ kí iṣẹ́ náà tán.

Mo lo ọdún kejì. Mo bọ́ táyà tó ń dán, mo fi èyí tó léyín bí ẹnu ọ̀nì sí i. Mo fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má ba à lù ú. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá wọ odò, omi ni yóò fà sínú, ẹ́ńjìnnì tó bá sì fa omi, òkú ni. Mo fi páìpù gbé èémí rẹ̀ kọjá orí mi, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ nítorí eruku. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ bí a ṣe ń bọ́ ọ. Púlọ́ọ̀gì ni ahọ́n ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wò ó: bí ó bá funfun, ebi ń pa á, bí ó bá dúdú, ó ti jẹ àjẹjù, bí ó bá pọ́n bí èèpo ẹ̀pà tí a yan, ara rẹ̀ le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wo ahọ́n.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ tún rọ̀, mo wọ Igbó Àìwẹ̀yìn.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ kàn ni ìlú Kí-Ló-Wà-Fún. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, eyín wọn ta yọ bí ayùn. Ohunkóhun tí ẹni tó ni ín kò bá mọ ìwúlò rẹ̀, wọ́n á bù ú jẹ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ mi ká bí eṣinṣin.

Olórí wọn nàka sí páìpù èémí. "Kí ló wà fún?" Mo sọ fún un. "Èyí ńkọ́?" Mo sọ. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wáyà kọ̀ọ̀kan, mo dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò rí ìka kan jẹ lára kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ mú ẹlòmíràn wá kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nítorí ebi.

Olórí wọn wá nàka sí ojú mi. "Ẹnu rẹ ńkọ́, kí ló wà fún?"

"Ó wà fún oúnjẹ àti ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ńkọ́, kí ló wà fún?"

Mo ya ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Èmi tí mo mọ ìdí irin gbogbo. Kí n tó ronú kan nǹkan, wọ́n ti yọ eyín méjì lẹ́nu mi, wọ́n rún un, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá wo àlàfo níbí.

Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lẹ́nu mi nígbà tí mo dé ẹnubodè Ọba Adúrógangan. Oníbodè ibẹ̀ ń jẹ́ Etí-Kì-í-Sùn. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo tó ilẹ̀kùn, kò sì ní ojú rárá.

"Ta lo wá gbà?" ó ní.

"Ògúndíjọ, ọmọ Ọdẹ́kúnlé."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìbọn kan jáde, àpò kan àti fìlà kan. Mo mọ̀ wọ́n. "Ẹrù rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ọdún méjì sẹ́yìn," ó ní. "Orúkọ yẹn kò sí nínú orúkọ alààyè. Mo gbọ́ ìrèmọ̀jé náà níbí, ó dùn. Mo gbọ́ ìkéde náà lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kò kú," ni mo wí. "Ó dúró nídìí iná yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀."

"A mọ̀. Àwa kọ́ la sọ pé ó kú. Ohùn tìrẹ ni mo gbọ́."

Mo jókòó sórí táyà.

Etí-Kì-í-Sùn kò bínú, kò sì ṣàánú. Ó ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà oko: bí mo bá fìdí rẹmi nínú eré náà, Ògúndíjọ yóò máa ru ìkòkò lọ láìlópin, èmi náà yóò sì dúró síbẹ̀ de ọjọ́ tí ààrò mìíràn bá ṣubú. Bí mo bá borí, yóò kúrò nídìí iná, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ti dí fún un. Ọ̀nà àwọn òkú nìkan ló ṣí. "Bí o bá wá kí o tó ṣípà rẹ̀," ó ní, "ì bá bá ọ lọ sílé jẹun."

Wọ́n jẹ́ kí n rí i. Ìkòkò náà tó ilé oníyàrá méjì, ènìyàn mẹ́ta ló dúró yí iná ká tí wọ́n gbé e ka orí. Irun kò sí lórí Ògúndíjọ mọ́. Kò lè yí ọrùn, ojú nìkan ló fi wò mí, ó sì wo kẹ̀kẹ́.

"O gé òrùlé kẹ̀kẹ́ mi," ó ní.

"Ó wúwo."

"O fa ẹsẹ̀ rẹ̀ síta. Ìyẹn dára." Ó sinmi. "Irin mélòó ló ṣẹ́ kù?"

"Kò sí. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé."

"Ó yẹ kó wọlé. Ọdún méjì, Ọdẹ́yalé. Ẹni tó ń rọ ìbọn tà lọ́jà kò lo ọdún méjì lórí ìbọn kan."

Mo sọ ọ̀rọ̀ oníbodè fún un. N kò bù kù rẹ̀, n kò sì fi ẹ̀bẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ ń hó lókè orí rẹ̀, ó ń ta sí i ní èjìká.

"Ta ló sun ìrèmọ̀jé náà?"

"Èmi ni."

"Ṣé o sun ún dáadáa?"

"Bàbá Láògún sunkún."

Ẹ̀rín kékeré kan jáde ní imú rẹ̀, kò dé ẹnu. "Lọ sá eré rẹ," ó ní. "Ìkòkò yìí gbóná."

Ẹ̀dá bí ogún ló wá sí eré náà. Ìyá arúgbó kan gun àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kò rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ẹsẹ̀ kan fi yọ, ó sì ń bú gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀. Ẹni tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ni Sáré-Má-Wẹ̀yìn, iwin kan tó gun ẹfọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ti borí fún ọdún méje láìgba ẹnikẹ́ni nídìí iná. Ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé èyí ń jẹ koríko ni?" Mo ní, "Rárá, iwin ló ń jẹ."

A bẹ̀rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ ni ẹrẹ̀ tó ti gbé erin mì. Táyà mi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń rì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀. Gbogbo àwọn òǹwòran fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní bàbá yìí ti sọ̀rètí nù. Ẹ gbọ́, kí ni pẹ́pẹ́yẹ fi ń rìn lórí ẹrẹ̀ tí adìẹ ń rì? Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Táyà tó dẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á fọ́n ìwúwo ká. Mo gùn ún padà, mo rìn lórí ẹrẹ̀ náà bí pẹ́pẹ́yẹ, mo kọjá ẹ̀dá mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti rì dé ọrùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀nà tóóró tó dà sí ọ̀fìn. Níbẹ̀ ni ẹfọ̀n ti fi mí sílẹ̀, nítorí ẹran mọ òkè ju irin lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ṣubú tó lóko Láyínká láti mọ̀ pé a kì í tẹ búréèkì nínú ìyípo. Kí a tó yí ni à ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀nà bá yí sọ́tùn-ún, mo gbé gbogbo ara mi kọ́ sọ́tùn-ún bí ẹni fẹ́ ká èso lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tí mo fà síta dì í mú. Mo ń gbọ́ ọ̀pá tí mo fi oṣù mẹ́rin tọ́, kò gbọ̀n rárá. Mo jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin ènìyàn mi: níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀, inú mi dùn. Mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń ka ẹẹ́dọ́gbọ̀n. N kò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Odò ló kẹ́yìn, etí rẹ̀ ni mo ti bá ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n wọ inú omi, èmi náà wọ̀ ọ́. Omi dé àyà mi, ẹ́ńjìnnì ti rì pátápátá, síbẹ̀ ó ń mí láti òkè orí mi. Ní àárín odò, ọwọ́ tútù kan yọ láti inú omi, ó di ẹnu páìpù náà. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Mo nà sókè, mo fi eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi gé ọwọ́ náà jẹ, ó tú u sílẹ̀. Bí ìlú Kí-Ló-Wà-Fún bá yọ mẹ́rin ni, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. A jọ gun bèbè ni, mo sì ṣíwájú ìwo ẹfọ̀n ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ọba Adúrógangan sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó yí kẹ̀kẹ́ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ọwọ́ rẹ dára," ó ní. "Ẹnu rẹ ni kò dára." Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí Ògúndíjọ. Mo bi í pé ta ni yóò wá jẹ́ ààrò kẹta. Ó ní, "Má ṣèyọnu. Igbó kì í ṣàìní ọdẹ tí yóò yìnbọn sí ohun tí kò mọ̀."

Kò sí ìjókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mọ́. Ògúndíjọ dúró lórí irin, ó fọwọ́ méjèèjì di èjìká mi mú. Ọwọ́ náà gbóná bí ọwọ́ alààyè. A rìn dé oríta. Ọ̀nà ọ̀tún ni ti ilé, ọ̀nà òsì fẹ̀, kò sí koríko lórí rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ilé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí. Ilẹ̀ sá fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbé e, ilẹ̀ tún sá. Ní ìgbà kẹta, ó dẹ́kun.

Mo ní, "Ògúndíjọ."

"Má sọ nǹkan," ó ní. "O ti sọ̀rọ̀ tó." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tí kò ní irun. "Sọ fún Adépèlé pé kó má dúró dè mí. Má sọ fún un pé mo ti dárí jì ọ́. N kò tíì dárí jì ọ́. Ọ̀nà jìn, bóyá kí n tó dé ibẹ̀."

Ó yà sósì. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú títí n kò fi rí i mọ́, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé, Adépèlé ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ẹnu oníbodè dé oríta. N kò fi ọ̀kan pamọ́, kódà kẹ̀kẹ́ Òkè-Àgbède. Kò sunkún níwájú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Nígbà tó ń lọ, ṣé ó ru nǹkan kan?"

"Kò ru nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó wọlé, ó sì gbé aṣọ ọ̀fọ̀ jáde, èyí tí kò gbà láti wọ̀ ní ọjọ́ ìṣípà. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yìí lọ sọ́dọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ."

Òun nìyẹn lẹ́yìn ilé. Ẹ lọ wò ó dáadáa. Ibi tí mo jó pọ̀ kò là, nọ́ọ̀tì kan kò dẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ohun gbogbo tí ọwọ́ mi ti tò, òun ló pé jù lọ. Ó borí iwin àti ẹfọ̀n. Kò mú ọkọ padà wá fún ìyàwó, kò mú ọ̀rẹ́ padà wá fún mi. Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà kan tí n kò mọ ibi tó parí sí, kò sí ìkòkò ní orí rẹ̀ mọ́. Èrè kẹ̀kẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.